Ẹ sọ fún aláìsàn kí ẹ tó gún un lábẹ́rẹ́

Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà tí ẹnì kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé aláìsàn ọpọlọ tó bá kọ oògùn, kí ẹbí rẹ̀ dè é mọ́lẹ̀ kí wọ́n fún un. Télọ̀ ni mí nílùú Ìbàdàn. Èmi náà ń gba abẹ́rẹ́ àìsàn ọpọlọ lóṣooṣù.

Mi ò bá oògùn jà o. Ohùn àwọn tí mi ò rí kì í jẹ́ kí n sùn tẹ́lẹ̀. Oògùn ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ní haloperidol, ọ̀kan nínú àwọn oògùn tó ń pa irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mọ́, kò sẹ́ni tó wí fún mi pé ọrùn mi lè lọ́, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sì gan. Màmá mi ní ayé ti tún dé. Artane, oògùn tó ń dẹ iṣan tó bá gan báyìí, ni wọ́n fi tú u. Nígbà tó yá, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọmọṣẹ́ ló ń bá mi ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Bí mo bá jókòó sídìí máṣíìnì, ẹsẹ̀ mi ò ní gbé ojú kan, bíi pé èèrà wọ ṣòkòtò mi. Àwọn oníbàárà á ní ó dà bíi pé Bọ̀dá Télọ̀ ò lo oògùn. Oògùn ọ̀hún gan-an ló ń ṣe é!

Dopamine, tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ káàkiri, ni àwọn oògùn yìí ń dènà. Bí ohùn ṣe ń dákẹ́ náà ni ìrìn ara lè dàrú. Ẹlòmíràn tó pẹ́ lórí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á máa jẹ ohun tí kò sí níbẹ̀, ó sì lè má lọ kódà tí wọ́n bá dá oògùn dúró. Ní 2011, Nancy Andreasen, dókítà àìsàn ọpọlọ, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Iowa, ní Amẹ́ríkà, gbé àbájáde àyẹ̀wò ọpọlọ aláìsàn 211 jáde: àwọn tó lo oògùn jù lọ, ọpọlọ tiwọn sábà ń súnkì díẹ̀ ju ti àwọn yòókù. Wọn ò ní ká da oògùn nù. Wọ́n ní kí dókítà máa ṣọ́ ìwọ̀n tó fi ń fúnni.

(Kí àwọn tó ní ti ìbílẹ̀ dáa jù má tíì yọ̀. Reserpine, èròjà tó wà nínú asofẹ́yẹjẹ tí wọ́n fi ń wo wèrè, náà lè mú ara gan.)

Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 ti lé òfin wèrè ti 1958 lọ, ó sì fún aláìsàn lẹ́nu nínú ìtọ́jú ara rẹ̀. Òótọ́ ni pé ìgbà mìíràn wà tí orí ò ní pé tó láti dáhùn. Ṣùgbọ́n orí yẹn ṣì ń padà bọ̀ sípò, ìgbà náà ló yẹ kí dókítà pè é jókòó, kó bi í: èwo lo lè fara dà, ọwọ́ gbígbọ̀n àbí oògùn mìíràn bí olanzapine tó lè mú ọ sanra, kó sì fa ìtọ̀ ṣúgà? Ìwọ̀n ńkọ́, ṣé ká dín in kù díẹ̀díẹ̀? Mo ní díẹ̀díẹ̀ o. Ẹni tó bá já a lójijì, àìsàn lè padà dé pẹ̀lú agbára.

Mo ti kọ orúkọ mi sẹ́yìn ìwé yìí fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ jáde. Aṣọ ọdún àwọn èèyàn ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Télọ̀ kan, Ìbàdàn