Bọ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ imí eṣú yẹn

Bọ́sẹ̀ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Voice note ẹ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín gan-an, àmọ́ ibi tó o ti ní o ń se imí eṣú mu láràárọ̀ kó lè fọ kòkòrò kúrò nínú ẹ, ẹ̀rín tán lẹ́nu mi.

Ewé yẹn gan-an la wà lórí ẹ̀ ní lábù báyìí, kí n tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹ jà, ó ń pa kòkòrò lóòótọ́ o. A sá a, a lọ̀ ọ́, a rẹ díẹ̀ sínú omi, a rẹ ìyókù sínú ethanol, ìyẹn ọtí inú lábù, a wá ro ó sínú ihò tá a lu sára agar, oúnjẹ kòkòrò tó dì bíi jẹ́lì, tá a ti fi kòkòrò àrùn kan tó ń jẹ́ Staphylococcus aureus kùn. Nígbà tílẹ̀ fi mọ́, àyíká ihò ti ethanol ti mọ́ roro, kòkòrò kankan ò hù níbẹ̀. Ti omi ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan, torí èròjà tó ń jẹ́ precocene àtàwọn nǹkan míì tó wà nínú òróró ewé yẹn, wọn kì í fẹ́ wọnú omi. E. coli, kòkòrò kejì tá a dán an wò lára ẹ̀, ò tiẹ̀ mira, ó láwọ míì tó dà bora lókè, nǹkan kì í tètè wọ̀ ọ́ lára. Gentamicin, oògùn apakòkòrò tá a fi wé e, sì fi ti omi àti ti ethanol sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Èyí tó o wá ń sè yẹn, ṣé omi kọ́ ni?

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí gan-an nìyí: àwọn èròjà kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní pyrrolizidine alkaloid, àwọn yẹn lè wọnú omi o. Tí wọ́n bá dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ fúnra ẹ̀ ló máa sọ wọ́n di májèlé, wọ́n á wá máa ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké inú ẹ̀ jẹ́. Ní Tigray ní Etiópíà, lẹ́yìn ọdún 2000, ikùn àwọn èèyàn ń wú, omi ń gba inú wọn, àwọn míì kú, ìgbà tí wọ́n wádìí ẹ̀, wọ́n ní èso imí eṣú tó dà pọ̀ mọ́ ọkà tí wọ́n ń jẹ ló fà á. Àwọn yẹn ò tiẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ jẹ ẹ́, ìwọ wá ń fi oyin sí i!



Ṣé ojú ẹ ò pọ́n bíi ti ibà pọ́njú ṣá? Ìtọ̀ ẹ ńkọ́? Mo mọ̀ pé wàá ní mo ti ń ṣe bíi dókítà, ó yá, mo gbà. Jọ̀ọ́, dá a dúró lónìí, kó o lọ ṣe test ẹ̀dọ̀, kó o sì sọ fún wọn pé ewé lo ń mu, má lọ pè é ní vitamin o. Tí màámi náà bá ń bá ẹ mu níbẹ̀, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá a dúró, tí wọ́n bá bínú, ní èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, wọn ò kúkú tíì dárí ti ọjọ́sí jì mí.

Èmi ni,
Túndùn