Ọ̀nà Náà Jìn

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Láti òru Ọjọ́bọ̀ ni n kò ti rí oorun sùn, ẹ sì mọ ìdí rẹ̀: ẹnì kan nínú wa tí àárẹ̀ ti mú ju agbára rẹ̀ lọ ti wà nílé ìwòsàn. 1 Àwọn Ọba 19 ni mo ń ṣí ṣáá. Èlíjà tí iná bọ́ láti ọ̀run nítorí àdúrà rẹ̀ ní Kámẹ́lì, òun náà ló jókòó sábẹ́ igi nínú aginjù, tó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ọlọ́run kò bá a wí. Kò sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti tutù. Ó jẹ́ kó sùn. Áńgẹ́lì gbé àkàrà gbígbóná àti omi síbi orí rẹ̀. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Nígbà tí áńgẹ́lì tún jí i, kó lè jẹun náà ni, nítorí ọ̀nà náà jìn fún un. Ó rìn fún 40 ọjọ́ dé Hórébù kí Ọlọ́run tó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Àwa ńkọ́? Ẹni tó wọ mọ́tò Èkó ní Ṣágámù ní aago mẹ́rin ìdájí, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má bàa ká a mọ́ Berger, òun là ń pè ní aago mọ́kànlá alẹ́ nítorí owó ìkórè. Orúkọ mẹ́ta kan náà ló wà nínú gbogbo ìgbìmọ̀. Èmi ni mo kọ wọ́n síbẹ̀, mo sì tọrọ ìdáríjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọwọ́ ayé ló fa àìsàn ẹni wa yìí, ẹ panu mọ́! Ta nínú yín ló bèèrè ìgbà tó jẹun gbẹ̀yìn? Ẹ̀yin ọkọ tí ìyàwó yín ti jáde kí ẹ tó jí, tí ẹ ṣì ń retí ọbẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́, ẹ̀yin náà ni mò ń bá wí. Láti òní lọ, bó bá ti di aago mẹ́jọ alẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fi iṣẹ́ ìjọ pe ẹnì kejì.

Ẹ̀yin tó ti rẹ̀ tẹnutẹnu, tí àdúrà kò wá sẹ́nu yín mọ́, ẹ kò dẹ́ṣẹ̀. Oore-ọ̀fẹ́ la fi gbà yín là, Olúwa kò ka iye ìpàdé tí ẹ wá. Jésù fúnra rẹ̀ sùn nínú ọkọ̀ nígbà tí ìjì ń jà. Ẹ yà sílé wa. Ìyàwó mi yóò se ìkọ́kọrẹ́, a ó kọ́kọ́ jẹun ná.

Ìkéde: Kò sí àìsùn ní Jímọ̀ yìí. Ìpàdé ìkórè di Sátidé, orúkọ tuntun la fẹ́. Ẹ̀yin tó ń lọ sílé ìwòsàn, ẹ lọ ní méjì-méjì, ẹ gbé oúnjẹ dání, ẹ má pẹ́. Ẹgbẹ́ ọkùnrin ni yóò gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sẹ̀ yìí.