Kàyé abẹ́ máṣíìnì

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọ̀sẹ̀ o. Ẹ kú ooru yìí náà, òjò Kétu wa ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ńbí kàn ń ṣú ni, kò fẹ́ rọ̀.

Ní Ìṣẹ́gun tó kọjá, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin wa tó ń ránṣọ dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, ó di nǹkan mọ́ abẹ́ ìborùn, mo ti rò pé ìdámẹ́wàá ni (ẹ má bínú, pásítọ̀ ni mí), àfi bó ṣe yọ kàyé, ìwé ìkọ̀wé ẹ̀, síta. Ó ní, "Bàbá, abẹ́ máṣíìnì ni mo máa ń tọ́jú ẹ̀ sí, ẹ má jẹ́ kí ẹnìkan rí i o. Mo fẹ́ kó di ìwé, ìwé gidi tó ní èèpo. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe CEP, ìdánwò ìparí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí mo fìdí rẹmi, mẹ́tìrì, olùkọ́ wa, ní omi ló wà lágbárí mi."

Ojú ìwé mọ́kànlá ni. Ìtàn ìyá ìyá ẹ̀ ló kọ, bó ṣe máa ń ru gàrí láti Kétu ńbí fẹsẹ̀ rìn dé Mẹ̀kọ, nígbà tí kò tíì sí sẹ́mìjàn, ọ̀kadà akérò. Mo kà á lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ká má parọ́, ó le kà: b ti di d, d ti di b, ọ̀rọ̀ mẹ́ta so pọ̀ bí ìbẹta, ibòmíì lẹ́tà kan ò sí rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí ìyá náà sọ ẹrù kalẹ̀ létí odò tó ń bá gàrí wí pé "ṣé ìwọ lò ń gbé mi ni àbí èmi ni mò ń gbé ẹ", ẹ̀rín tí mo rín jí màmá ìjọ lójú oorun.

Ìgbà tó yá mi ò rẹ́rìn-ín mọ́, torí mo mọ b àti d yẹn, èmi náà ti bá wọn jà. Ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀. Ọdún méjì ni mo lò ní CI, kíláàsì àkọ́kọ́, ọdún méjì ní CP tó tẹ̀lé e, àbúrò mi lé mi bá, ó sì kọjá mi. Wọ́n á kọ oiseau sójú pátákó, lẹ́tà mẹ́fà, wọ́n á ní kí n pè é ní "wazo", mo wò ó títí mi ò rí ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ń jẹ́ orúkọ ara ẹ̀. Bí mo bá wá fi Yorùbá bi ẹnìkejì mi pé báwo ló ṣe jẹ́, wọ́n á so symbole kọ́ mi lọ́rùn, igi kan báyìí tó lókùn, ẹni tó bá sọ èdè ilé ẹ̀ nílé-ìwé ló ń gbé e kiri. Èmi ni mo ń gbé e jù. Wọ́n nà mí títí ọwọ́ mi wú, b ò kúrò níbi tó wà.

Ìwé orin ìyá mi ló gbà mí. Mo ti mọ àwọn orin yẹn lórí tẹ́lẹ̀, mo kàn ń fi ìka tẹ̀lé e bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ni, mo wá rí i pé tí wọ́n bá kọ a, a náà ni, lónìí, lọ́la, nínú orin gbogbo, kì í yí padà bíi ti Faransé. (Àmì ohùn ṣá ṣì ń dà mí láàmú dòní, ẹni tó ń tẹ ìwé yìí fún wa mọ̀ bẹ́ẹ̀.) Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí mo ka ẹsẹ orin kan tán láìṣi í, ìyá mi ò sọ nǹkan kan, ó kàn fi àkàrà méjì lé mi lọ́wọ́, ti títà ni o, kì í fi tọrẹ.

Àwọn dókítà ní orúkọ fún irú èyí lédè Faransé, dyslexie. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe àìgbọ́n, bí ọpọlọ ṣe ń so lẹ́tà mọ́ ìró ló yàtọ̀, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Mi ò sọ pé òun ló ń ṣe ọmọ wa yìí, èmi kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń gbé ọmọ wá fún mi pé ayé ti gbé orí ìwé ẹ̀ lọ, màá gbàdúrà, mi ò kọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú ẹ̀ àti etí ẹ̀ wò, kẹ́ ẹ sì ju pàṣán yẹn nù.

Tí a bá ti ń sọ̀rọ̀ ìwé, Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther la máa ń fi ṣàpẹẹrẹ, ó kúkú tọ́, ó dé Kétu wa ńbí lọ́dún 1853. Ṣùgbọ́n Crowther ò wúlò fún ọ̀rọ̀ tòní! Oṣù mẹ́fà péré ló fi mọ ìwé kà ní Sierra Leone. Àwa tó gbà lọ́dún mẹ́fà ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ bá mi ṣí Jeremáyà orí 36. Jeremáyà kọ́ ló di kálàmù mú o. Ẹnu ló fi ń sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, Bárúkù akọ̀wé ẹ̀ ń fi tàdáwà kọ ọ́. Wọ́n gbé e dé iwájú ọba, ó jókòó ti iná nínú ilé ìgbà òtútù ẹ̀, bí wọ́n bá ti ka ojú ìwé mẹ́ta mẹ́rin, á fi ọ̀bẹ gé e, á jù ú síná, títí gbogbo ẹ̀ fi jóná. Ẹ rò ó wò, gbogbo iṣẹ́ yẹn, ẹ̀dà míì ò sí. Wọ́n sì padà lọ jókòó, ọ̀kan ń sọ, ọ̀kan ń kọ, ẹsẹ 32 ní wọ́n tún fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ bí irú ẹ̀ kún un. Ìyẹn ni pé ìwé tí à ń kà lónìí gùn ju èyí tí ọba sun lọ.

Pọ́ọ̀lù náà ńkọ́? Ìwé Róòmù tí gbogbo wa ń fà yọ, Tátíọ́sì ló kọ ọ́, ó kí wa fúnra ẹ̀ ní orí 16. Ìgbà tí Pọ́ọ̀lù wá fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ sí àwọn ará Gálátíà, ó ní kí wọ́n wo bí òun ṣe kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Àpọ́sítélì ńlá, lẹ́tà gàdàgbà bí ọmọ CI, kò sì fi pamọ́.

Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan wà, Agatha Christie, ó sọ fúnra ẹ̀ pé òun ni wọ́n kà sí ẹni tí ọpọlọ ẹ̀ ń falẹ̀ nínú ilé àwọn, àti pé òun ò mọ sípẹ́lì rárá. Ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ 66 ló kọ, nígbà tó sì dàgbà, ó máa ń sọ ìtàn sínú ẹ̀rọ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ fún un.

Àwa náà ní ẹ̀rọ, ó wà lápò yín, òun lẹ fi ń ránṣẹ́ ohùn oníṣẹ́jú mẹ́wàá sí mi lóru. Mo sọ fún ọmọ wa pé kó máa ka kàyé ẹ̀ sínú fóònù, ọ̀kan nínú àwọn akọrin tó mọ kọ̀ǹpútà lò ló ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n á wá jọ kà á padà kí wọ́n tún un ṣe. Ó kọ́kọ́ sunkún, ó ní ọmọkùnrin yẹn á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, òun ló ń pè é báyìí pé èyí tó kù dà. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ kí n tó kọ èyí, ó ní kí n sọ ọ́, kí n má ṣáà dárúkọ òun.

Ẹlòmíì tó bá ní kàyé lábẹ́ máṣíìnì, tàbí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó mú un wá ní Ìṣẹ́gun lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé dáadáa, a nílò Bárúkù sí i, ẹ má wá bá wa ka àṣìṣe o.

Ojú ìwé mẹ́rìnlá ló ti dé báyìí. Òjò ti ká ìyá náà mọ́ ọ̀nà Mẹ̀kọ, gàrí ṣì wà lórí, ilé ò sí nítòsí. Mo bi í lánàá pé ṣé gàrí yẹn bọ́, ó ní kí pásítọ̀ ní sùúrù.