Ta Ni Àyípadà Yìí Gbàgbé?

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, okun o.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti bi mí pé níbo ni ìjọ wa ń lọ. Àìsùn ti di àdúrà ọ̀sán nítorí ojú ọ̀nà tí ń bani lẹ́rù. Àwọn ọ̀dọ́ ti gba Àbújá àti Èkó lọ. Ìkéde ti bọ́ sórí Wáásáàpù, báǹkì sì ni ọrẹ ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà wọlé láti ìgbà ọ̀wọ́n owó náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023.

Àyípadà kì í ṣe àlejò nílẹ̀ Okun, ilẹ̀ àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi. Nígbà tí Thomas Titcombe mú ìyìn rere dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, àwọn tó kọ́kọ́ gbà á gbọ́ fi ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ baba wọn sílẹ̀. Ní 1991 ẹ̀wẹ̀, a sùn ní Kwara, a jí ní Kogi. Lọ́kọ́ja di olú ìlú wa dípò Ìlọrin. A ò torí ẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì. Nítorí náà, àyípadà fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù wà nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì, orí 6.

Ìjọ ń pọ̀ sí i nígbà náà, ayọ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń pín oúnjẹ lójoojúmọ́, wọ́n ń fo àwọn opó tí ń sọ èdè Gíríìkì. Bíbélì kò sọ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Nígbà tí ìkùnsínú dé etí àwọn àpósítélì, wọn ò pe ẹnikẹ́ni ní ọlọ̀tẹ̀. Wọ́n pe gbogbo ìjọ, wọ́n ní kí wọ́n yan ọkùnrin méje. Ẹ wo orúkọ wọn: Stefanu, Filippi, Prokoru, Nikanoru, Timoni, Parmena, Nikolasi. Orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn! Nikolasi kò tilẹ̀ jẹ́ Júù láti ilé. Ó jọ pé ọwọ́ àwọn tó ń kùn gan-an ni wọ́n gbé oúnjẹ náà lé. Ibẹ̀ dùn mọ́ mi púpọ̀.

Lóṣù tó kọjá, ìyá kan nínú wa gbé tọ́ọ̀ṣì àti ẹní wá sí àìsùn, ó bá kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ìkéde pé àìsùn ti di àdúrà ọ̀sán ti wà lórí Wáásáàpù. Fóònù ìyá kò ju èyí tí a fi ń pe èèyàn lọ. Ẹni tó fi owó ránṣẹ́ láti Àbújá, a ń ka orúkọ rẹ̀ sétí ìjọ. Ẹni tó ru iṣu wá láti oko ńkọ́? N kò bá Wáásáàpù jà o, òun ló jẹ́ kí àwọn ọmọ wa tó wà lókèèrè lè bá wa gbàdúrà.

Láti ọ̀sẹ̀ yìí, ẹnu ni a ó fi ṣe gbogbo ìkéde nínú ìsìn kó tó dé orí fóònù. A ó sì yan èèyàn méje tí yóò máa yà wo àwọn àgbà nílé. Àwọn ìyá àti bàbá àgbà fúnra wọn ni yóò yàn wọ́n. Kì í ṣe èmi, kì í sì í ṣe ìgbìmọ̀ alàgbà. Lẹ́yìn ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni. Ẹ̀yin tó ní ọ̀kadà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa gbé àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn wá.