Má fi ọ̀dà bò ó

Káyọ̀dé ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Newcastle? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní o fẹ́ ta ọkọ̀ BMW M3 E46 rẹ, ṣé kí o sọ pé ilẹ̀ ọkọ̀ ti sán àbí kí o dákẹ́? Sọ ọ́, jọ̀wọ́.

Ẹni tó mọ ọkọ̀ yìí mọ àìsàn rẹ̀. Ojú mẹ́rin ni bóòtù (bolt) ti mú férémù ẹ̀yìn, irin tó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀, mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fà á síwá sẹ́yìn ni irin pẹlẹbẹ ibẹ̀ ń sán. Bí o bá fi ọ̀dà dúdú bò ó, ẹni tó bá gbé ọkọ̀ sókè á mọ̀ pé ńṣe lo mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́. Fọ ìdí ọkọ̀, ya fọ́tò ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí o sì kọ ohun tí wẹ́dà ti jó àti èyí tó ṣẹ́ kù.

Ní ti S54, ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ náà, ohun méjì ni wọ́n máa bi ọ́: bẹ́árìn kọ́nrọ́ọ̀dù (ìdí ọ̀pá tó so písítìnì mọ́ kìráńkì) àti VANOS (ohun tó ń yí àkókò tí fáàfù ń ṣí padà). Bí kò bá sí rísíìtì, má sọ pé o ti pààrọ̀ wọn. Kó rísíìtì ọ́ìlì 10W-60 tí ẹ́ńjìnnì náà ń lò jáde pẹ̀lú. Má sì mú ẹ́ńjìnnì gbóná sílẹ̀ de oníbàárà: àárọ̀ tútù ni ariwo búburú máa ń jáde. Iná tó yí aago RPM (èyí tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára yí) ká pàápàá máa ń kú díẹ̀díẹ̀ bí ọ́ìlì ṣe ń gbóná, ẹni tó mọ̀ ọ́n á rí i pé o ti tan ọkọ̀ ṣáájú.

Oníbàárà náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ tí òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti UK, Consumer Rights Act 2015, fúnni láti dá ọkọ̀ tó lábùkù padà, ọ̀dọ̀ oníṣòwò ọkọ̀ nìkan ló wà. Ìwọ kì í ṣe oníṣòwò. Òun ló gbọ́dọ̀ mú mẹkáníìkì wá, kó sì fi nọ́ńbà ọkọ̀ wo ìtàn MOT (àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún) lórí ìkànnì ìjọba, níbi tí máìlì àti ìkìlọ̀ ọdọọdún wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá béèrè ọ̀rọ̀ tí o sì purọ́, ó lè pè ọ́ lẹ́jọ́, bí o tilẹ̀ kọ “sold as seen” (bó ṣe rí ni mo ṣe tà á) sórí rísíìtì. Nítorí náà, kọ gbogbo àbùkù sórí rísíìtì méjì, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i.

Fi fọ́tò ìdí ọkọ̀ ránṣẹ́ kí o tó polówó rẹ̀, kí n lè wo ojú bóòtù kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Dípọ̀