Lẹ́tà Sílé: Oorun, Òtútù àti Etí Ló Ń Ṣíwájú Ìwé

Bàbá mi àti Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín púpọ̀, mo sì kí gbogbo ilé. Ara mi le, ẹ má jẹ́ kí ọkàn yín dààmú nítorí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún àbúrò mi ní lẹ́tà yìí kó kà á, torí òun ló kàn láti wá kẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun, mo sì fẹ́ kó mọ ohun tó máa bá pàdé kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Àbúrò mi, ohun tí mo fẹ́ kó yé ọ ni pé ìwé kọ́ ló kọ́kọ́ ń le fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Oorun, òtútù àti etí ni. Bí o kò bá tọ́jú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wàá máa rò pé orí rẹ ló kú, bẹ́ẹ̀ ara ló ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Bí agogo ibi tí èèyàn lọ bá fi wákàtí 6 yàtọ̀ sí ti ilé, ara máa ń lo nǹkan bí ọjọ́ kan lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan kó tó bá agogo tuntun mu. Ẹni tó lọ sí ìlà oòrùn ló máa ń jìyà rẹ̀ jù, torí ó rọrùn fún ara láti pẹ́ kó tó sùn ju kó tètè sùn lọ. Ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ni oògùn rẹ̀. Bí oorun bá ń kùn ọ́ lọ́sàn-án, sùn fún 20 ìṣẹ́jú, fi fóònù jí ara rẹ. Má jẹ́ kó kọjá 30, torí oorun ọ̀sán tó gùn ló ń lé ti òru lọ.

Ti òtútù gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe aṣọ kan tó nípọn ló ń lé e, afẹ́fẹ́ tó há sáàárín aṣọ ni. Nítorí náà, wọ̀ wọ́n léra. Èyí tó kan ara kó fúyẹ́, kó má sì jẹ́ òwú: òwú máa ń mu òógùn, kì í tètè gbẹ, omi yẹn gan-an ló sì máa mú ọ gbọ̀n nígbà tí o bá dúró de bọ́ọ̀sì. Súwẹ́tà onírun àgùntàn ló tẹ̀ lé e, kóòtù tí afẹ́fẹ́ àti òjò ò lè gbà kọjá ló wà lókè. Ra bàtà tó fi díẹ̀ tóbi kí ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn lè wọ inú rẹ̀. Bàtà tó bá fún ẹsẹ̀ pa kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rìn dáadáa, ẹsẹ̀ á wá tutù ju ti tẹ́lẹ̀.

Inú ilé náà ní wàhálà tirẹ̀. Híítà máa ń gbẹ afẹ́fẹ́ yàrá, awọ á máa ya, ètè á máa là. Fi ìpara para láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí o bá wẹ̀ tán, nígbà tí omi ṣì wà lára. Bí ara bá ti gbẹ tán, ìpara ò ní rí omi kankan dì mú. Má sá aṣọ tútù sínú yàrá tí o ti fèrèsé rẹ̀ pa. Wàá rí i láàárọ̀ tí omi ń kán lára gíláàsì, tó ń ṣàn sórí etí fèrèsé, ibi tó tutù lára ògiri á sì bu dúdú lẹ́yìn ibùsùn. Ṣí fèrèsé fún bí ìṣẹ́jú 10 láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí o sì fa ibùsùn kúrò lára ògiri. Tún mọ̀ pé ní oṣù December, ibi tó wà ní ìwọ̀n (degree) 50 sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì kì í rí ju nǹkan bí wákàtí 8 ìmọ́lẹ̀ lójúmọ́. Jáde lọ́sàn-án, bó ti wù kó kéré mọ. Bí ọkàn bá ń wúwo ṣáá, lọ rí dókítà ilé ìwé, má dá a gbé.

Ti etí ló máa ń ya èèyàn lẹ́nu jù. Ẹni tó ti ń ka èdè tí wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀ láti kékeré lè jókòó sí kíláàsì kó má gbọ́ tó ìdajì. Ó mọ ọ̀rọ̀ náà. Bí àwọn onílẹ̀ ṣe ń so ọ̀rọ̀ mọ́ra tí wọ́n sì ń gbé apá kan mì ni etí rẹ̀ ò tíì mọ̀. Ka síláìdì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kọ ọ̀rọ̀ tó ṣàjèjì sílẹ̀, wá ohùn wọn gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Etí tètè máa ń gbá ọ̀rọ̀ tó ti ń retí mú. Jókòó síwájú níbi tí wàá ti máa rí ẹnu olùkọ́.

Má jẹ́ kí táímùtébù kíláàsì tàn ọ́. Kíláàsì wákàtí 12 lọ́sẹ̀ dà bí ìsinmi lójú, ṣùgbọ́n wákàtí kọ̀ọ̀kan ń béèrè bíi méjì sí i níta, ó ti di 36 nìyẹn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kọ ọjọ́ tí wọ́n máa gba iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí kàlẹ́ńdà pẹ̀lú máàkì tó gbé dání. Èyí tó ní 40 nínú 100 kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó ní 5.

Jọ̀ọ́, ṣọ́ra gidi gan-an nípa gbólóhùn onígbólóhùn. Bí o bá lò ó láìdárúkọ ẹni tó ni ín, olè ni wọ́n kà á sí, wọ́n sì lè torí rẹ̀ lé akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó kó sínú rẹ̀ ò pète olè. Wọ́n da ọ̀rọ̀ kọ sínú nóòtì láìsí àmì àyọlò. Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n rò pé tiwọn ni. Bí o bá ti ń dà á kọ, fi àmì àyọlò, orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún àti ojú ewé sí i lójú ẹsẹ̀.

Pásípọ́ọ̀tù, lẹ́tà ìgbaniwọlé, ẹ̀rí owó ilé ìwé àti àdírẹ́sì ibùgbé, inú báàgì ọwọ́ ni kí wọ́n wà. Wo ara ṣájà rẹ: bí ó bá kọ 100–240V, orí pulọ́ọ̀gì nìkan lo máa pààrọ̀. Áyọ́ọ̀nù tó kọ 220V nìkan ò ní gbóná dáadáa níbi tí iná wọn jẹ́ 120. Báńkì lè béèrè ẹ̀rí àdírẹ́sì, kí onílé náà sì béèrè àkáǹtì báńkì. Lẹ́tà ẹ̀rí láti ọ́fíìsì ilé ìwé ló sábà máa ń já okùn yẹn. Kó tó bọ́ sí i, bí o bá fi káàdì ilé gba owó, tí ATM bá bi ọ́ bóyá kó ṣírò rẹ̀ sí owó ilé, kọ̀, yan owó ibi tí o wà. Ìṣirò tiwọn sábà máa ń gbówó lórí.

Bàbá, Màmá, ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Ẹ sọ fún àbúrò mi kó kọ ìbéèrè rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ ibùgbé, torí ìyẹn ló máa ń pẹ́ jù.

Èmi ni ọmọ yín tòótọ́.