Lẹ́tà ẹ̀sùn lórí mílíìkì tí kò dì, àti ohun tí mo rí lóko yín

Àdúgbò Èrèjà,
Iléṣà,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ 17, Oṣù Èrèlè, 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ilé Iṣẹ́ Mílíìkì,
Iléṣà.

Ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmójútó. Oníbàárà yín ni mí. Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti ń ra mílíìkì tútù ní ibùdó ìtajà yín, kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 20 méjì lọ́sẹ̀, tí mo fi ń ṣe wàrà àti yọ́gọ́ọ̀tì tí mò ń tà lọ́jà Àtàkúmọ̀sà. Mi ò jẹ yín ní gbèsè rí. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mílíìkì yín kọ̀ tí kò di yọ́gọ́ọ̀tì. Mo ti wádìí ẹ̀, oògùn tí ẹ fi ń tọ́jú àìsàn màlúù yín ló bá mílíìkì wá sílé mi.

Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí ọmọ tó ń tajà ní ibùdó yín sọ pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ìkòkò mi ni kò mọ́. Ọjọ́ Ajé ni mo ra kẹ́ẹ̀gì méjèèjì. Mo da ọ̀kan sínú ìkòkò wàrà, mo gbé e kaná, mo gún ewé bòmubòmu, mo fún omi rẹ̀ sí i. Kò pẹ́ tó fi dì, tí omi rẹ̀ yà sọ́tọ̀, mo bù ú sínú asẹ́ bó ṣe yẹ. Mo se ìkejì fún yọ́gọ́ọ̀tì, mo jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́wọ́ débi tí ìka lè gbà á, mo po yọ́gọ́ọ̀tì àná díẹ̀ mọ́ ọn, mo fi aṣọ nípọnnípọn wé e. Alẹ́ ni mo máa ń wé e bẹ́ẹ̀, bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, á ti dì. Nígbà tí mo ṣí i láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ti ṣíbí bọ̀ ọ́, ó ń dà bí omi. Kò kan, kò rùn. Bí mo ṣe dé e lálẹ́ náà ló ṣe wà.

Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo gba Sábó lọ, mo ra lítà méjì lọ́wọ́ ìyá Fúlàní tó kọ́ mi ní wàrà ṣíṣe láyé ọjọ́sí. Irú ìkòkò kan náà ni mo lò, yọ́gọ́ọ̀tì ìpìlẹ̀ kan náà, lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ti ìyá yẹn dì. Tiyín ò dì.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Oje ewé ni bòmubòmu; bó bá ti kan mílíìkì gbígbóná, á mú un dì, oògùn ì báà wà níbẹ̀ tàbí kó má sí. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò àìrí tí kì í ṣe èèyàn ní ibi ló ń sọ mílíìkì di yọ́gọ́ọ̀tì, bí àǹtíbáyótíìkì bá sì wà nínú mílíìkì, á pa wọ́n bó ṣe ń pa kòkòrò àrùn. Síse kì í mú un kúrò tán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ iye ọjọ́ sára ìgò oògùn màlúù: títí ọjọ́ yẹn á fi pé, dídànù ni mílíìkì màlúù tó gba abẹ́rẹ́.

Ọmọ ilé ìwé ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ra yọ́gọ́ọ̀tì mi. Ara ẹlòmíì wà tí kò gba pẹnisílíìnì, ọ̀kan lára àǹtíbáyótíìkì, rárá. Ẹni tó bá sì ń mu àǹtíbáyótíìkì díẹ̀díẹ̀ láìmọ̀, ó lè di pé lọ́jọ́ tí àìsàn bá dá a wó, oògùn náà ò ní ràn án mọ́. Yọ́gọ́ọ̀tì tí kò dì, mo dà á nù. Ṣùgbọ́n wàrà tó dì nínú mílíìkì kan náà, mo ti tà á kí n tó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ìyẹn ló ń dùn mí jù, àwọn tó rà á sì gbà mí gbọ́.

Mi ò fẹ́ fi àròsọ fẹ̀sùn kan yín, ni mo ṣe wá sóko yín lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Wọ́n ní kí n dúró de alábòójútó. Mo dúró láti aago mọ́kànlá títí aago méjì fi kọjá, abẹ́ pátákó tó wà lẹ́nu géètì yín ni mo jókòó sí, èyí tí ẹ kọ ọ́ sí pé inú màlúù yín ń dùn, pé ẹ̀ ń tọ́jú ilẹ̀ àti omi, pé bí ọmọ ìyá lòṣìṣẹ́ yín jẹ́ sí yín.

Màlúù dúdú òun funfun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, irú èyí tí wọ́n ń kó ìran rẹ̀ wá láti Netherlands. Oòrùn ọ̀sán ti jẹ òjìji ògiri náà kù, kò ju ìbú ọwọ́ mi lọ mọ́, orí nìkan ni màlúù náà rí tì bọ̀ ọ́. Ó la ẹnu, ahọ́n rẹ̀ yọ síta, itọ́ ń kán sílẹ̀. Ọmú rẹ̀ lápá kan wú, ó pọ́n, ó ń dán. Bí eṣinṣin bá bà lé e, á ta ẹsẹ̀ lé e dànù, ẹsẹ̀ náà á kan ibi tó wú, gbogbo ara rẹ̀ á gbọ̀n. Eṣinṣin á tún padà. Mo wo nǹkan kan ṣoṣo yìí fún bíi wákàtí kan. Nígbà tó yá, ẹnì kan gbé garawa wá, ó jókòó ti màlúù náà, ó fún wàrà rẹ̀. Mo bi í bóyá wọ́n ti fún un lábẹ́rẹ́. Ó ní àná ni. Mo bi í ibi tí mílíìkì náà ń lọ. Ó na ọwọ́ sí àgbá ńlá tí gbogbo mílíìkì ń lọ.

Ọpọ́n omi wà nítòsí màlúù náà, ewédò ti hù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó gbẹ táútáú. Ọ̀gá mi, ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún mílíìkì, omi ni. Màlúù á mu tó lítà 4 omi kí lítà mílíìkì kan tó jáde lára rẹ̀. Irú màlúù ilẹ̀ òtútù wọ̀nyí, bí ooru bá ti kọjá ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ara ti ń ni wọ́n nìyẹn. Oṣù Èrèlè ní Iléṣà la wà yìí, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń mú. Páànù mélòó kan lórí òpó igi, pẹ̀lú omi nínú ọpọ́n, kò ju agbára yín lọ.

Lẹ́yìn ilé jẹnẹrétọ̀, wọ́n so akọ ọmọ màlúù mẹ́ta mọ́lẹ̀. Ìwọ́ ọ̀kan ṣì tutù. Etí okùn tí wọ́n fi so ó ló ń mu bí ẹni ń mu ọmú. Wọ́n sọ fún mi pé akọ ni, àwọn ò lè máa fi mílíìkì ṣòfò sára akọ. Kò sí ààbò kankan lọ́wọ́ àrùn tí ọmọ màlúù ń gbà nínú ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Inú omi ọmú àkọ́kọ́ ló ti ń rí i, láàárín wákàtí díẹ̀ tí wọ́n bí i ló sì gbọ́dọ̀ mu ún. Bí ọjọ́ kan bá kọjá, bó tilẹ̀ mu ún, kò ní wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ìyá tó wà ní Sábó kò ní ilé jẹnẹrétọ̀. Ọmọ ló máa ń kọ́kọ́ jẹ́ kó mu díẹ̀, akọ ni àbí abo, lẹ́yìn náà ni á so ó síwájú ìyá rẹ̀ kó máa rí i, kó tó gbé igbá sábẹ́ ìyá. Ó ní bí ọmọ kò bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, ìyá kì í tú wàrà sílẹ̀ tán.

Lórí àwọn òṣìṣẹ́, màá ṣọ́ ọ̀rọ̀ mi. Mi ò ní sọ ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀, mi ò ní sọ iye wọn, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má ṣe wá wọn kiri. Ohun tí mo fojú rí ni mò ń sọ: ẹsẹ̀ lásán nínú ìgbẹ́ màlúù tó dé ọrùn ẹsẹ̀, ọwọ́ tó bó láìsí ìbọ̀wọ́. Mo sì gbọ́ pé ọwọ́ lásán náà ni wọ́n fi ń gba ẹbí màlúù, títí kan èyí tí oyún rẹ̀ bá wálẹ̀ láìtọ́jọ́. Ó kéré tán, ẹni kan wà níbẹ̀ tó ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹrin láti ìgbà ọdún tuntun. Ara rẹ̀ á gbóná, á lọ, á tún padà, oríkèé á máa ro ó, òógùn á bò ó lóru. Ó lè jẹ́ ibà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àrùn kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní brucellosis, òun ló ń ṣẹ́ oyún lára màlúù, tó sì máa ń ran ẹni tó bá fọwọ́ kan omi ẹbí rẹ̀, bí ibà ló sì máa ń ṣe. Ṣé ẹ ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn màlúù yín wò? Ṣé ẹ ti yẹ tàwọn èèyàn yẹn wò? Òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ sọ pé ẹni tí iṣẹ́ bá kó àìsàn ràn ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú àti owó. Bàtà rọ́bà àti ìbọ̀wọ́ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn.

Ìgbẹ́ màlúù tí ẹ ń fi omi wọ́ dànù ń gba gọ́tà wọ ìṣàn tó wà nísàlẹ̀ oko. Mo gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí mò ń lọ sílé. Ìfófòó wà lórí omi, ó tutù bí ewé, ó sì ń rùn. Àwọn obìnrin tó ń gbin ẹ̀fọ́ ẹ̀ẹ̀rùn létí omi yẹn ló ń bù ú wọ́n ewébẹ̀ tí gbogbo wa ń jẹ. Àwọn obìnrin kan náà ló ń fowó ra ìgbẹ́ adìyẹ ní àpò fún ajílẹ̀! Bí ẹ bá gbẹ́ kòtò, tí ẹ kó ìgbẹ́ yẹn jọ títí á fi jinná, wọ́n á rà á lọ́wọ́ yín.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Ẹ dá owó kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta padà fún mi. Ìwé owó wà lọ́wọ́ mi. Láti òní lọ, ẹ yẹ mílíìkì wò kó tó jáde lóko, kí ẹ sì kọ orúkọ màlúù tó bá gba abẹ́rẹ́ sílẹ̀ síbi tí gbogbo ẹni tó ń fún wàrà á ti rí i. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran wo màlúù tí mo sọ yìí lọ́sẹ̀ yìí, kó má di oṣù tó ń bọ̀. Omi, òjìji, omi ọmú fún ọmọ tuntun, bàtà àti ìbọ̀wọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀: mo fẹ́ kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ọjọ́ tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan ní ọ̀sẹ̀ méjì, màá gbé ẹ̀dà lẹ́tà yìí lọ fún NAFDAC àti àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà lábẹ́ òfin ọdún 2018. Ìjọba àpapọ̀ náà ti dá ilé iṣẹ́ ìjọba fún ohun ọ̀sìn nìkan sílẹ̀ láti oṣù Agẹmọ 2024, àwọn náà á gba tiwọn.

Inú mi kò dùn láti máa halẹ̀ mọ́ yín. Lọ́jọ́ tí oko yín ṣí, mo wà lára àwọn tó jó, torí inú agolo láti òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ọmọ Iléṣà ti mọ mílíìkì. Mi ò fẹ́ kí ẹ kógbá wọlé. Ṣùgbọ́n ọmọ òṣómàáló ni mí. Ìdúró tí mo dúró lẹ́nu géètì yín lọ́jọ́ Ẹtì, mo tún lè dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgò kan lára mílíìkì ẹ̀ẹ̀kẹta ṣì wà nínú fírísà mi, mo kọ ọjọ́ tí mo rà á sí i lára. Ọjọ́bọ̀ ni màá wà ní ibùdó ìtajà yín láti aago mẹ́sàn-án. Ẹ rán ẹni tó mọ̀ nípa àyẹ̀wò wá, kó wá gbà á lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni màá gbé fún un. Ìdajì á wà lọ́dọ̀ mi.

Èmi ni,
Ìyá Oníwàrà,
Èrèjà, Iléṣà.